Orí Keje: Mọ́gáàdì àti Káríà Lára Kẹ̀kẹ́ Tó Ń Lọ Oko

Ní 1962, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà tẹ ìwé kan jáde ní Ìbàdàn tí A. J. Smyth àti R. F. Montgomery kọ nípa ilẹ̀ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ ní àárín gbùngbùn ẹkùn náà. Orúkọ ìlú Ẹgbẹ́dá wà nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí orúkọ irú ilẹ̀ kan. Ìlú Ìwó náà ní irú tirẹ̀ níbẹ̀. Ilẹ̀ Ẹgbẹ́dá ti ara òkúta tí hóró rẹ̀ kúnná wá, ó pọ́n, amọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, kòkó sì fẹ́ràn rẹ̀. Ilẹ̀ Ìwó ti ara òkúta oníhóró ńlá wá, yanrìn sì pọ̀ lójú rẹ̀. Àgbẹ̀ ni wọ́n kọ ìwé náà fún, àmọ́ ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ oko lè rí tirẹ̀ mú níbẹ̀. Yanrìn máa ń gbọ̀n dànù lára táyà fúnra rẹ̀. Amọ̀ máa ń lẹ̀, ó ń bá táyà yí, ó sì ń wá ibi tí yóò kó jọ sí.

Òjò tó ń rọ̀ lágbègbè Ìbàdàn lọ́dún tó nǹkan bíi mílímítà 1,200 sí 1,300. Ó máa ń pọ̀ jù ní oṣù Òkúdù àti oṣù Ọwẹ́wẹ̀, pẹ̀lú ìsinmi díẹ̀ nínú oṣù Ògún. Láti Ẹrẹ́nà títí dé Ọ̀wàrà, ọ̀nà oko tó yà láti Àkànràn, Èrúnmu, Lálúpọn tàbí Ìjàyè kì í gbẹ tán. Ibi tí wọ́n da yangí sí máa ń le dáadáa. Ibi tí ọkọ̀ agégẹdú bá ti gbẹ́ kòtò sí, ẹrọ̀fọ̀ ni. Ojú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni a ní lọ́kàn nínú orí yìí, kì í ṣe ọ̀nà ọlọ́dà.

Ọdún 1901 ni ọkọ̀ ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, ojú irin gba Lálúpọn kọjá lọ sí Òṣogbo. Ọkọ̀ ojú irin àti lọ́rì ló ń kó kòkó lọ sí etíkun, ṣùgbọ́n kí kòkó tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ó ní láti kúrò lóko ná. Orí ènìyàn ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Nígbà tó yá, kẹ̀kẹ́ gba díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ́wọ́ orí. Kẹ̀kẹ́ Raleigh tí wọ́n ń ṣe ní Nottingham ni ọ̀pọ̀ àgbà mọ̀ jù: dúdú, gíga, táyà ínṣì 28, búréèkì onírin gbọọrọ, mọ́gáàdì onírin tó bo táyà dé ìsàlẹ̀, káríà lẹ́yìn pẹ̀lú sípíríìn tó ń di ẹrù mú. Ìdí mọ́gáàdì ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n kùn ní funfun kí ọkọ̀ lè rí i ní ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó ya àwòrán kẹ̀kẹ́ yẹn mọ ẹrẹ̀. Ẹrẹ̀ ìlú Òyìnbó ló ní lọ́kàn, àmọ́ ẹrẹ̀ náà ni.

Ọ̀kadà ló lé irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn ìkéde 29 Oṣù Karùn-ún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti tán, owó epo ju ìlọ́po méjì lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀, owó ọ̀kadà sì tẹ̀ lé e. Ẹni tó ń lọ kìlómítà mẹ́fà láti abúlé dé Mọ́níyà tàbí Iyànà Ọ̀fà ní láti ṣírò bóyá ẹsẹ̀ òun kò ní rọ òun lọ́rùn ju àpò òun lọ. Kẹ̀kẹ́ tó bá bá pàdé lọ́jà báyìí, tòkunbọ̀ ló sábà máa ń jẹ́: táyà ínṣì 26 tó nípọn, jíà lọ́pọ̀, kò sí mọ́gáàdì, kò sí káríà. Eré ìdárayá ni wọ́n ṣe é fún. Kí ó tó lè di kẹ̀kẹ́ iṣẹ́, a ní láti fi nǹkan méjì tó ṣaláìní yìí sí i.

Bí omi ṣe ń fò lára táyà

Omi tó lẹ̀ mọ́ táyà ń fẹ́ máa lọ tààrà. Táyà ló ń fà á yí po. Nígbà tí agbára tó ń fà á kò bá tó mọ́, omi á já, á sì máa lọ síbi tó kọjú sí lásìkò tó já. Èyí tó bá já lẹ́yìn táyà, níbi tó bá ásù dọ́gba, òkè ló kọjú sí. Ìyára tó fi ń lọ sókè kò yàtọ̀ sí ìyára kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Kìlómítà 15 ní wákàtí kan jẹ́ nǹkan bíi mítà 4.2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí a bá sọ 4.2 di ìlọ́po ara rẹ̀, tí a pín in sí 19.6, ìyẹn ìlọ́po méjì agbára òòfà ilẹ̀, a ó rí mítà 0.9. Ásù kẹ̀kẹ́ ínṣì 26 ti ga tó sẹ̀ntímítà 33 láti ilẹ̀. Omi náà yóò dé mítà 1.2, ẹ̀yìn ẹni tó jókòó lórí kẹ̀kẹ́ ló sì wà níbẹ̀. Bí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, tó ń sáré kìlómítà 20 ní wákàtí kan, omi yóò dé mítà 1.9, èyí tó kọjá orí rẹ̀. Nítorí pé omi àti kẹ̀kẹ́ jọ ń lọ síwájú pẹ̀lú ìyára kan náà, kò sí bí ó ṣe lè sá fún un.

Ti táyà iwájú yàtọ̀. Bàtà àti ojúgun ni omi rẹ̀ ń bá, àti ṣéènì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ra mọ́gáàdì ẹ̀yìn nìkan nítorí aṣọ wọn. Ní tèmi, bí owó bá mọ sí ẹyọ kan, ti iwájú ni kí wọ́n rà. Aṣọ ṣeé fọ̀. Amọ̀ tó bá wọ inú ṣéènì máa ń bá òróró pò, á sì máa yún irin ṣéènì àti eyín jíà lójoojúmọ́, owó àtúnṣe rẹ̀ ni kò ní tán.

Àyè ni ọ̀rọ̀ mọ́gáàdì

Àwọn ìwé ìlànà tó ń bá mọ́gáàdì tuntun wá máa ń ní kí àlàfo tó wà láàárín rẹ̀ àti táyà jẹ́ nǹkan bíi mílímítà mẹ́wàá. Lórí ọ̀dà, ìyẹn dára: bí mọ́gáàdì ṣe sún mọ́ táyà tó ni omi tó ń sá jáde ṣe kéré tó. Gbé e lọ sí ọ̀nà oko ní Ọ̀nà-Àrà nínú oṣù Òkúdù, wàhálà dé. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: amọ̀ á lẹ̀ mọ́ inú mọ́gáàdì, èyí tó tẹ̀ lé e á lẹ̀ mọ́ ti àkọ́kọ́, ewé àti koríko á dì í mú, títí táyà kò fi ní lè yí mọ́. Ìgbà yẹn ni wàá rí ọmọ ilé-ìwé tó gbé kẹ̀kẹ́ lé èjìká dípò kí kẹ̀kẹ́ gbé e. Mọ́gáàdì tó fún mọ́ táyà burú ju àìní mọ́gáàdì lọ lórí ilẹ̀ alámọ̀. Àlàfo tó tó ìbú àtàǹpàkò, bíi sẹ̀ntímítà méjì, ni kí o fi sílẹ̀. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, kò burú. Omi díẹ̀ yóò ta sí ọ lára. Fara mọ́ ọn.

Kò tán síbẹ̀. Àlàfo náà kò gbọdọ̀ rí bákan náà yí ká. Wo ọ̀nà tí táyà ń gbà: bí kẹ̀kẹ́ ti ń lọ síwájú, ẹ̀yìn táyà ń gòkè, orí rẹ̀ ń lọ síwájú, iwájú rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀. Amọ̀ ń gba ìdí mọ́gáàdì, lápá ẹ̀yìn nísàlẹ̀, wọlé, ó sì ń gba iwájú jáde. Ibi àbáwọlé ni kí ó há jù, kí àlàfo máa fẹ̀ sí i bí ó ti ń lọ síwájú. Ohun tó bá ti lè wọ ibi híhá yóò rí àyè jáde níbi tó fẹ̀. Bí o bá ṣe é ní òdì, ibi fífẹ̀ á máa gba amọ̀ wọlé, ibi híhá á sì máa há a mọ́lẹ̀. Òfin yìí kan táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn bákan náà, mo sì ti rí kẹ̀kẹ́ púpọ̀ tí wọn kò kà á sí.

Mọ́gáàdì gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju táyà lọ ní nǹkan bíi sẹ̀ntímítà kan. Díwọ̀n táyà fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí o bá ti fọn ún tán, má gbẹ́kẹ̀ lé nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí i lára nìkan.

Dídè é mọ́ kẹ̀kẹ́

Wo ohun tí kẹ̀kẹ́ ní kí o tó ra ohunkóhun. Nítòsí ásù, lára férémù lẹ́yìn àti lára fọ́ọ̀kì níwájú, ihò kékeré lè wà tí wọ́n ti gé eyín bóòtù sí nínú. Bóòtù mílímítà márùn-ún ló sábà máa ń wọ̀ ọ́. Sípánà 8 tàbí alẹ̀ǹkíì 4 ni wàá fi dì í. Kẹ̀kẹ́ Raleigh àtijọ́ kì í sábà nílò ihò yẹn, nítorí ẹsẹ̀ mọ́gáàdì rẹ̀ ń wọ orí ásù tààrà, nọ́ọ̀tì ásù ló sì ń dì í mú. Eyín ásù Raleigh yàtọ̀ sí ti kẹ̀kẹ́ ìgbàlódé. Nọ́ọ̀tì tí kò bá fi ọwọ́ wọlé, má fi sípánà fipá tì í. Eyín ásù ló máa jẹ ìyà rẹ̀.

Bí kẹ̀kẹ́ kò bá ní ihò kankan, má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lu ihò sí fọ́ọ̀kì. Ibẹ̀ ni irin ti ń tẹ̀ tó sì ń padà jù lára kẹ̀kẹ́, ihò á sì di ibi tí yóò ti sán. Ra kilíìpù onírin tó ń gbá páìpù mú, fi rọ́bà túùbù àtijọ́ wé páìpù kí o tó dì í, kí irin má baà yún irin.

Kọ́kọ́ so orí mọ́gáàdì mọ́ ibi tí búréèkì wà, má tíì dì í le. So àwọn ẹsẹ̀ rẹ̀. Gé ègé rọ́bà tàbí ègé táyà àtijọ́ tó nípọn bí àlàfo tí o fẹ́, ki í bọ àárín táyà àti mọ́gáàdì níbi mẹ́ta, kí o tó wá máa di bóòtù kọ̀ọ̀kan díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Yọ àwọn ègé náà, kí o yí táyà pẹ̀lú ọwọ́. Bí ó bá ń ró kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, ó ń kan ibì kan. Táyà tí ríìmù rẹ̀ wọ́ kò ní bá mọ́gáàdì kankan rẹ́, nítorí náà tún sípóòkù rẹ̀ ṣe ná.

Nípa ẹsẹ̀ mọ́gáàdì iwájú, ka apá yìí lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ka igi wà nílẹ̀ lọ́nà oko kòkó nígbà gbogbo. Bí táyà bá gbé igi kan, tó fà á wọ àárín ara rẹ̀ àti mọ́gáàdì, igi á fa mọ́gáàdì kákò, ẹsẹ̀ rẹ̀ á tẹ̀ wọ inú sípóòkù, táyà iwájú á dúró lójijì, ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ á sì fò kọjá ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Ìdí nìyí tí mọ́gáàdì tó dára fi ní ike kékeré kan ní ẹsẹ̀ iwájú tó ń já sílẹ̀ fúnra rẹ̀ bí wọ́n bá fà á tagbára-tagbára. Bí tìrẹ kò bá ní in, lo ẹsẹ̀ tí irin rẹ̀ fúyẹ́, má sì fi wáyà dì í le bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn. Gé orí irin tó yọ jáde, kí o fi rọ́bà bò ó.

Fi awẹ́ rọ́bà túùbù ọkọ̀ mú ìdí mọ́gáàdì iwájú gùn títí yóò fi kù nǹkan bíi sẹ̀ntímítà mẹ́wàá sí ilẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ rọ̀. Ike líle tó bá kọ lu yangí á ṣẹ́ mọ́gáàdì pẹ̀lú.

Káríà: ibo ni ẹrù ń gbà lọ sílẹ̀?

Mọ́gáàdì kò gbé nǹkan kan. Àyè nìkan ló ń bèèrè. Káríà ní láti fi ẹrù ránṣẹ́ sí ilẹ̀, ohun tí a sì gbọ́dọ̀ bi í ni ọ̀nà tí ẹrù náà ń gbà. Ìdáhùn tó dára ni pé kí ẹrù gba ẹsẹ̀ káríà sọ̀ tààrà sórí ásù, kí apá òkè tí a so mọ́ férémù kàn máa di káríà mú kí ó má baà ṣubú síwájú tàbí sẹ́yìn. Káríà kan wà tí kò ní ẹsẹ̀ rárá, tí wọ́n ń gbá mọ́ ọ̀pá ìjókòó nìkan. Ó wà fún àpò ìwé àti búrẹ́dì. Kẹ́ẹ̀gì epo lórí rẹ̀ á máa yí sọ́tùn-ún sósì, á sì sọ̀ kalẹ̀ lórí táyà lọ́jọ́ kan.

Wo ara káríà tí o rà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n tẹ ìwọ̀n ẹrù sí, 25 kìlógíráàmù ló sì wọ́pọ̀. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tó kún fún omi jẹ́ kìlógíráàmù 25 gan-an láìka kẹ́ẹ̀gì fúnra rẹ̀. Ti epo pupa fúyẹ́ díẹ̀, bíi 23. Àpò kòkó tó pé ìwọ̀n fún ọjà òkèèrè jẹ́ kìlógíráàmù 62.5, kò sì sí bí káríà bẹ́ẹ̀ ṣe lè gbé e lẹ́ẹ̀kan.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn lágbègbè wa ló ń lọ sọ́dọ̀ jórin-jórin pé kó fi irin rọ́ọ̀dù dẹ́kì ṣe káríà fún wọn. Èrò tó dára ni, àmọ́ wọ́n sábà máa ń ní kí ó lo irin tó nípọn jù. Mítà kan irin mílímítà 8 jẹ́ kìlógíráàmù 0.4, ti mílímítà 12 jẹ́ 0.89. Káríà tó gba mítà mẹ́rin yóò wúwo tó 1.6 nínú ti àkọ́kọ́, 3.6 nínú ti èkejì, o ó sì máa gbé ìyàtọ̀ yẹn gun òkè lójoojúmọ́. Ohun tó ń mú káríà dúró ṣinṣin ni irin dábùú tó so ẹsẹ̀ méjì pọ̀ ní igun mẹ́ta. Igun mẹ́rin tí kò ní dábùú máa ń wó sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ó ti wù kí irin rẹ̀ nípọn tó. Irin 8 tó ní dábùú sàn ju irin 12 tí kò ní in lọ.

Bí ẹsẹ̀ káríà àti ẹsẹ̀ mọ́gáàdì bá máa lo ihò kan náà, ẹsẹ̀ káríà ni kí ó fara ti férémù, kí ti mọ́gáàdì wà níta. Ẹrù tó wúwo tó bá jìnnà sí férémù á máa tẹ bóòtù síwá sẹ́yìn títí yóò fi ṣẹ́. Lápá ọ̀tún, níbi tí ṣéènì wà, wò bóyá orí bóòtù kò yọ sínú. Bí ó bá yọ ju bó ṣe yẹ lọ, ṣéènì á máa kọ́ ọ nígbà tí o bá wọ jíà tó kéré jù. Fi wọ́ṣà onísípíríìn sí abẹ́ nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan, kun gírísì díẹ̀ sí eyín bóòtù nítorí ìpẹtà, kí o sì tún gbogbo rẹ̀ dì lẹ́yìn ìrìn àkọ́kọ́ tí o bá fi ẹrù rìn. Ọ̀nà yangí máa ń gbọn nọ́ọ̀tì tú ju bí ènìyàn ṣe rò lọ.

Ibi tí a ń gbé ẹrù sí

Káàkiri àwọn abúlé yìí ni ọjà ìsán wà, àárọ̀ ọjọ́ ọjà sì ni wàá rí ẹrù tó ga ju ẹni tó ń gùn lọ. Ibi tí àárín ìwúwo ẹrù bọ́ sí ṣe pàtàkì ju ìwọ̀n rẹ̀ lọ nígbà mìíràn. Jẹ́ ká ní ásù iwájú àti ti ẹ̀yìn jìnnà síra ní sẹ̀ntímítà 110. Ẹrù 50 kìlógíráàmù tí àárín rẹ̀ bọ́ sórí ásù ẹ̀yìn gan-an, gbogbo 50 ni táyà ẹ̀yìn ń gbé. Ti iwájú kò mọ̀ pé ẹrù wà. Sún un sẹ́yìn ní sẹ̀ntímítà 20. Táyà ẹ̀yìn á wá máa gbé nǹkan bíi 59, ti iwájú á sì fúyẹ́ ní 9. Kẹ̀kẹ́ tó wúwo kìlógíráàmù 18, nǹkan bíi 8 ni táyà iwájú ń gbé nígbà tí kò sí ẹni lórí rẹ̀. Bí o bá sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀, iwájú rẹ̀ á dìde sókè. Ìdí nìyẹn tí ẹlẹ́mu tó mọ iṣẹ́ fi ń so kẹ́ẹ̀gì kọ́ ẹ̀gbẹ́ káríà lọ́tùn-ún lósì, tó sì ń fà á síwájú títí gìgísẹ̀ rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Ẹrù tó wà nísàlẹ̀ kì í fi kẹ̀kẹ́ yí bí èyí tó wà lókè.

Rọ́bà tí a gé láti ara túùbù ló dára jù fún dídì. Okùn máa ń tú bí ẹrù bá ti jókòó. Rọ́bà máa ń fà tẹ̀ lé e. Kò gbọdọ̀ sí orí rọ́bà kankan tó ń wọ́ nílẹ̀ nítòsí sípóòkù, ẹrù kò sì gbọdọ̀ bo iná tàbí gíláàsì pupa tó wà ní ìdí mọ́gáàdì, pàápàá lójú títì Ìbàdàn sí Ifẹ̀ tó gba Ẹgbẹ́dá kọjá.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Bu ẹrẹ̀ láti ọ̀nà méjì nítòsí ilé-ìwé rẹ, ọ̀kan alámọ̀, èkejì oníyanrìn. Fi kun ara táyà kan náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, yí i pẹ̀lú ọwọ́, kí o sì kọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ṣe sílẹ̀. Irú ilẹ̀ wo, ti Ẹgbẹ́dá tàbí ti Ìwó, ni o rò pé ọ̀kọ̀ọ̀kan jọ?

2. Ọmọbìnrin kan ń gun kẹ̀kẹ́ ní kìlómítà 10 ní wákàtí kan. Ásù ẹ̀yìn rẹ̀ ga tó sẹ̀ntímítà 33. Omi tó já lẹ́yìn táyà ní ìbámu pẹ̀lú ásù yóò ga dé ibo? Ṣé yóò kan ìjókòó rẹ̀ tó ga ní sẹ̀ntímítà 90?

3. Lọ sọ́dọ̀ bàbá tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ládùúgbò rẹ. Kí i dáadáa, kí o sì bẹ̀ ẹ́ kí ó fi káríà mẹ́ta hàn ọ́ tó ti ṣẹ́ tàbí tó ti wó. Ya àwòrán ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ṣẹ́. Fi ọfà tọ́ka sí ọ̀nà tí ẹrù ń gbà lọ sílẹ̀ kí ó tó ṣẹ́, kí o wá ya dábùú kan sí ibi tí ì bá ti gbà á là.

4. Káríà kan ni wọ́n tẹ 25 sí lára. Obìnrin kan fẹ́ gbé kẹ́ẹ̀gì epo pupa lítà 25 kan àti apẹ̀rẹ̀ tòmátì tó wúwo kìlógíráàmù mẹ́jọ láti Èrúnmu lọ sí Ẹgbẹ́dá. Kí ni kí ó gbé sórí káríà, kí ni kí ó gbé síbòmíràn, ibo sì ni?